Àròkọ Alálàyé: Wíwá Ìdí Àléébù Iná Ìdè Dìfẹ́rẹ́ńṣà

Àròkọ alálàyé, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé òde òní ń pè ní àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá, ni a fi ń la ohun tí kò yé ènìyàn yé e. Bí ìbéèrè bá ní kí o sọ bí a ṣe ń pa aṣọ láró, bí a ṣe ń fún epo, tàbí bí a ṣe ń mọ ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ kan, irú àròkọ yìí ni ó ń béèrè. Kì í ṣe ìtàn, nítorí náà má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "Ní ọjọ́ kan." Kì í ṣe àríyànjiyàn, nítorí náà má ṣe kí alága àti àwọn onídàájọ́.

Ohun mẹ́ta ni olùyẹ̀wò máa ń wá nínú rẹ̀. Èkíní, ǹjẹ́ ìgbésẹ̀ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ bí ó ti yẹ? Èkejì, ǹjẹ́ a sọ ìdí tí a fi gbé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí lè ka àlàyé náà kí ó sì fi í ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń ṣe èkíní, tí wọn a sì gbàgbé èkejì. Wọn a kọ "ṣe èyí, ṣe ìyẹn" bí ẹni tí ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Àlàyé tí kò ní ìdí kò pé.

Orí-ọ̀rọ̀ tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ nìyí:

"Kọ àròkọ lórí bí a ṣe lè mọ ìdí tí iná ìdè dìfẹ́rẹ́ńṣà Land Rover kò fi ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ."

Kí ẹ̀rù má ṣe bà yín nítorí pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni. Land Rover kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ìgbà kan rí, wọ́n ń tò ó pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn. Mo mú orí-ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó kọ́ni ní ohun tí ó ṣòro jù nínú àròkọ alálàyé, èyí ni bí a ṣe ń wádìí ohun tí a kò fi ojú rí láìfo ìgbésẹ̀ kankan.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: iṣẹ́ tí dìfẹ́rẹ́ńṣà àti ìdè rẹ̀ ń ṣe.
2. Ewu tí ó wà nínú iná tí ń purọ́.
3. Ohun tí ó dà bí àléébù ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àléébù.
4. Yíyẹ ìdè fúnra rẹ̀ wò.
5. Ọ̀nà tí agbára bátìrì ń gbà dé iná náà.
6. Pípín ẹ̀sùn sí méjì: súwíìṣì tàbí ohun mìíràn.
7. Yíyẹ súwíìṣì wò àti dídè é padà.
8. Iná tí ó ń tàn láìkú.
9. Ìkádìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Land Rover jẹ́ ọkọ̀ tí a mọ̀ dáadáa ní ibi tí ọ̀nà kò ti dára. Irú rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni 110 tí ó jáde ní 1983 àti 90 tí ó jáde ní 1984. Ní 1990 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìran wọn ní Defender, oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn. Nínú ọkọ̀ yìí, agbára ẹ́ńjìnnì máa ń dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn gíá ni àpótí irin kan wà tí ó ń pín agbára náà sí iwájú àti ẹ̀yìn, inú àpótí yìí sì ni dìfẹ́rẹ́ńṣà àárín wà. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn máa ń gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Dìfẹ́rẹ́ńṣà ni ó ń jẹ́ kí iwájú lè yára ju ẹ̀yìn lọ láìsí pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, àǹfààní yìí a di ìdènà. Bí táyà kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára yóò máa ṣòfò sí, àwọn mẹ́ta yòókù yóò sì dúró. Nítorí náà ni a fi ṣe ọ̀pá kékeré kan sí ìtòsí ọ̀pá gíá. Bí awakọ̀ bá tì í sí ẹ̀gbẹ́, yóò de dìfẹ́rẹ́ńṣà náà, iwájú àti ẹ̀yìn yóò sì máa yí ní ìwọ̀n kan náà. Iná kékeré kan yóò tàn níwájú awakọ̀ láti jẹ́rìí pé ìdè ti mú.

Ẹlẹ́rìí ni iná yìí. Òun kọ́ ni ìdè. Bí ẹlẹ́rìí bá sì purọ́, ọ̀nà méjì ni ó lè gbà ṣe ibi. Bí ìdè bá mú tí iná kò tàn, awakọ̀ lè gbé ọkọ̀ náà dé orí títì ọlọ́dà láìtú u. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà kò rí ibi yọ̀. Nígbà náà, ìjà tí ó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa lọ́ irin inú ọkọ̀ bí ẹni ń lọ́ okùn. Ọkọ̀ yóò ṣòro darí ní kọ́nà, táyà yóò máa jẹ kíákíá, irin sì lè ṣẹ́. Bí iná bá sì ń tàn nígbà tí ìdè kò mú, awakọ̀ yóò fi ìgboyà wọ inú ẹrẹ̀ tí kò yẹ kí ó wọ̀. Bí ó bá jẹ́ aláboyún tí ń rọbí ni ó gbé, ẹ̀mí méjì ni iná kékeré náà fi wéwu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí iná bá pẹ́ kí ó tó tàn ni nǹkan kan ti bàjẹ́. Eyín irin ni ó ń wọ àárín eyín irin kí ìdè tó mú. Bí àwọn eyín náà kò bá tíì bá ara wọn mu, ọ̀pá lè ti lọ ṣùgbọ́n ìdè kò ní tíì mú. Kí a kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ fún ìwọ̀n mítà díẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, kí a wò ó bóyá iná yóò tàn. Bákan náà, bí a bá tú ìdè tí iná kò kú, ó lè jẹ́ pé irin ṣì lọ́ mọ́ ara wọn. Bí a bá fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀, yóò sábà tú.

Bí a bá ti ṣe èyí tí kò sì sí ìyípadà, ohun tí ó kàn ni láti mọ̀ bóyá ìdè fúnra rẹ̀ ń mú. A óò gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le. A óò pa ẹ́ńjìnnì, a óò fi gíá sí fíríì, a óò sì fa bíréèkì ọwọ́. A óò fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. A kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré, nítorí pé bíréèkì ọwọ́ Land Rover yìí kì í di táyà mú. Ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn ni ó ń dì mú. Lẹ́yìn náà, a óò fi jáàkì gbé táyà iwájú kan kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró.

A óò kọ́kọ́ tú ìdè, a óò sì fi ọwọ́ yí táyà tí a gbé sókè náà. Ó yẹ kí ó yí, bí ó tilẹ̀ le díẹ̀. A óò wá ti ọ̀pá láti de dìfẹ́rẹ́ńṣà, a óò mi táyà náà síwá sẹ́yìn kí eyín irin lè wọ inú ara wọn, a óò sì tún gbìyànjú láti yí i. Bí ìdè bá mú, táyà náà yóò kàn mì díẹ̀ ni, kò ní yí mọ́, nítorí pé a ti so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, bíréèkì sì ti di ẹ̀yìn mú. Bí ó bá ṣì ń yí tí iná kò sì tàn, iná kò jẹ̀bi. Òtítọ́ ni ó ń sọ. Ọ̀pá àti àwọn irin tí ó so ó mọ́ àpótí ni kí a yẹ̀ wò, nítorí wọ́n máa ń dípẹtà nínú ọkọ̀ tí a kì í sábà lo ìdè rẹ̀.

Bí ìdè bá mú tí iná kò tàn, nígbà náà ni ẹjọ́ di ti iná. Agbára bátìrì máa ń gba inú fíúsì kọjá lọ sínú gílóòbù. Láti ibẹ̀ ni yóò gba wáyà sọ̀kalẹ̀ lọ sí súwíìṣì tí a dè mọ́ ara àpótí irin, wáyà kejì yóò sì gbé e bọ́ sí ara ọkọ̀, tí í ṣe ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ sí bátìrì. Irin kékeré kan wà ní ẹnu súwíìṣì yìí. Bí ìdè bá mú, yóò ti irin náà wọlé, ọ̀nà yóò sì pé. Ibikíbi tí ọ̀nà yìí bá ti já, iná kò ní tàn. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Nítorí náà, kì í ṣe súwíìṣì ni a óò kọ́kọ́ sáré lọ rà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà pín ẹ̀sùn náà sí méjì láìnáwó. A óò sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, a óò fi igi ìháyà sílẹ̀ níbi tí ó wà, a óò sì yọ wáyà méjèèjì kúrò lára súwíìṣì. A óò yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, a óò sì fi wáyà kúkúrú kan so orí méjèèjì pọ̀. Bí iná bá tàn, a mọ̀ pé gílóòbù, fíúsì àti wáyà kò ní àléébù. Súwíìṣì ni ẹ̀sùn kù sí lọ́rùn. Bí kò bá tàn, súwíìṣì kò tíì jẹ̀bi.

Bí kò bá tàn, kí a fi orí wáyà tí ó ti ọ̀dọ̀ gílóòbù wá kan irin ọkọ̀ níbi tí kò ní ọ̀dà. Bí ó bá tàn báyìí, wáyà kejì, èyí tí ó yẹ kí ó gbé agbára bọ́ sí ara ọkọ̀, ni ó já tàbí tí ó dípẹtà. Bí kò bá tàn síbẹ̀, kí a yọ gílóòbù, kí a fi òmíràn irú rẹ̀ tí a mọ̀ pé ó dára rọ́pò rẹ̀. Kí a sì wo fíúsì bóyá ó ti jó. Lẹ́yìn èyí ni a óò tọ wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń fi ara ha irin ni kí a wò dáadáa, àti ojú ìsopọ̀ tí nǹkan aláwọ̀ ewé bá ti hù sí. Kí a ha á mọ́, kí a sì so ó padà.

Bí ó bá jẹ́ súwíìṣì ni, a óò kọ́kọ́ nu àyíká rẹ̀ kí iyanrìn má baà bọ́ sínú àpótí. A óò tú nọ́ọ̀tì tí ó dì í mú, a óò sì yí súwíìṣì jáde. A óò fi wáyà so ó mọ́ bátìrì àti gílóòbù kékeré kan. Bí a bá tẹ irin ẹnu rẹ̀, ó yẹ kí gílóòbù náà tàn. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó yẹ kí ó kú. Bí irin náà bá há, kí a fi kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, kí a máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa rìn dáadáa. Bí ó bá ń rìn tí gílóòbù kò sì tàn, súwíìṣì ti kú. Kí a ra òmíràn.

Súwíìṣì tuntun pàápàá lè purọ́ bí a kò bá dè é sí ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí kò bá wọlé tó, ìdè kò ní lè tẹ irin ẹnu rẹ̀. Bí ó bá sì wọlé jù, iná kò ní kú. A óò de dìfẹ́rẹ́ńṣà, a óò rí i dájú pé ó mú, a óò so wáyà mọ́ súwíìṣì, a óò sì yí kọ́kọ́rọ́. A óò wá máa yí súwíìṣì wọlé díẹ̀díẹ̀ títí iná yóò fi tàn. Níbi tí ó bá ti tàn, a óò fi ìdajì yíyí kan kún un. A óò fi sípánà di súwíìṣì mú kí ó má baà yí, a óò sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà, a óò tú ìdè, a óò tún un dè, kí a lè rí i pé iná ń kú, ó sì ń tàn bí ó ti yẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni iná ń tàn láìkú, kí a tú ìdè kí a sì tún fi jáàkì yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ṣe ní ìṣáájú. Bí táyà kò bá yí, ìdè kò tú. Iná kò purọ́. Bí táyà bá ń yí, kí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí a yọ wáyà méjèèjì lára súwíìṣì, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Bí iná bá kú, súwíìṣì ti há tàbí ó wọlé jù. Bí kò bá kú, wáyà tí ó ti ọ̀dọ̀ gílóòbù wá ti bó níbì kan, ó sì ń kan irin ọkọ̀.

Ní ìkádìí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbádùn ìdè yìí ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ náà. Kí ó máa dè é, kí ó sì máa tú u lórí ilẹ̀ rírọ̀ ní oṣooṣù, kí ó sì máa wo iná rẹ̀. Bí iná bá sì yí ohùn padà, kí ó wádìí ìdè kí ó tó dá súwíìṣì lẹ́bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

Ẹ kíyè sí ètò àròkọ náà. Yíyẹ ìdè wò ni ó ṣáájú yíyẹ iná wò. Bí a bá yí ètò yìí padà, òǹkàwé lè pààrọ̀ gílóòbù, fíúsì àti súwíìṣì, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pá tí ó dípẹtà ni ó ń dà á láàmú. Ètò àròkọ alálàyé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Bí ó bá dàrú, iṣẹ́ ẹni tí ó gbà á gbọ́ yóò dàrú.

Ẹ wo bí "bí . . . bá" ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Òun ni òpó irú àròkọ yìí. Gbogbo àyẹ̀wò ni ó ní ìdáhùn méjì, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó kàn lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kọ "bí ó bá tàn" tí kò kọ "bí kò bá tàn" ti fi òǹkàwé rẹ̀ sílẹ̀ ní oríta.

Ẹ wo ìdí tí a sọ. A kò kàn ní kí wọ́n há táyà. A sọ ohun tí bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Ẹni tí ó bá mọ ìdí kò ní fo ìgbésẹ̀ náà nígbà tí ó bá ń kánjú.

Ní ti ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ kọ wọ́n bí a ṣe ń pè wọ́n ní èdè Yorùbá: wáyà, fíúsì, súwíìṣì, jáàkì. Bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà kan, ẹ má ṣe kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn nísàlẹ̀. Òwe méjì péré ni ó wà nínú àròkọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Òwe tí a kó jọ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ kì í gba máàkì.

Àròkọ yìí gùn ju èyí tí ẹ lè kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Bí àkókò kò bá tó, ẹ lè fi ìpínrọ̀ tí ó wà lórí dídè súwíìṣì sí ìwọ̀n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ ti yíyẹ ìdè wò.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí a ti sọ ìdí ìgbésẹ̀ kan nínú àròkọ òkè yìí.
2. Kọ ìpínrọ̀ kẹfà àròkọ náà ní ọ̀rọ̀ ara rẹ fún ẹni tí kò rí inú ọkọ̀ rí.
3. Ṣe ìlapa èrò, kí o sì kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:
(a) Bí a ṣe lè mọ ìdí tí jẹnẹrétọ̀ kò fi tan.
(b) Bí a ṣe lè mọ ìdí tí omi ẹ̀rọ kò fi yọ ní ilé kan nígbà tí ó ń yọ ní ilé kejì.
(d) Bí a ṣe lè mọ ohun tí ó ṣe adìẹ tí kò jẹun mọ́.